Orúkọ Àrùn Ọkọ̀: Èdè-Ìperí fún Ẹni tí Yóò Ra Jíìpù Tòkunbọ̀

1. Ìfáàrà

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí òwe yìí jẹ́ òfin kìíní fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá. Ní ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, èrò tiwa ni pé a ti ń sọ ọmọ lórúkọ láì tíì dé ilé rẹ̀. A jókòó sí yàrá ìkàwé, a ń wá orúkọ fún ẹ̀yà ara ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ń lọ ra ọkọ̀ kò nílò orúkọ ẹ̀yà ara tó bí ó ṣe nílò orúkọ àrùn. Ohun tí a fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni ìmọ̀ àrùn ọkọ̀ wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀-orúkọ. Pé ọwọ́ àwọn mẹkáníìkì ni àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe náà wà. Àti pé àìkó wọn jọ sínú ìwé ń ná àwọn ènìyàn wa lówó.

Ohun tí ó mú mi ronú sí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an. Ní ọdún 2019, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó ń ta aṣọ fẹ́ ra jíìpù olówó ńlá kan tí wọ́n ti lò ní òkè òkun. Ó ní kí n bá òun lọ, nítorí pé mo kàwé. Ọkọ̀ náà ń dán gbinrin, àga rẹ̀ jẹ́ awọ, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a dé ibẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi béèrè bóyá ó ní àléébù kankan, ẹni tí ó ń tà á dáhùn pé, “Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ́ìlì rẹ̀ kàn máa ń dín kù díẹ̀ ni.” Ẹ̀gbọ́n mi wo ojú mi. Mo ní kò burú, nítorí pé lójú tèmi, gbogbo ohun tí a bá ń lò ní í máa ń dín kù.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, a gbé ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ bàbá mẹkáníìkì kan. Mo tún gbólóhùn yẹn sọ fún un. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Dókítà, dídín kù kì í ṣe àrùn. Ibo ni ó ń dín kù lọ? Ṣé ó ń jẹ ẹ́ ni, àbí ó ń jò?” Ẹ́ńjìnnì náà ń jẹ ọ́ìlì ni. Owó tí ẹ̀gbọ́n mi ìbá fi ra ọjà ọdún ni ó bá àtúnṣe rẹ̀ lọ, ó sì pàpà ta ọkọ̀ náà ní ọ̀pọ̀. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni wọ́n fi tàn wá jẹ.

2. Ibi tí iṣẹ́ dé àti ibi tí ó kù sí

A kò fojú kéré iṣẹ́ àwọn aṣíwájú wa. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, ó di dandan láti wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní ọdún 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá apá kìíní jáde lábẹ́ ìṣàtúntò Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé. Apá kejì tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe àtúntò rẹ̀ jáde ní ọdún 1990. Àwọn ìwé wọ̀nyí ni wọ́n jẹ́ kí a lè fi Yorùbá kọ́ni ní gírámà àti lítíréṣọ̀ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga lónìí. Ṣùgbọ́n a kò tíì ṣe irú rẹ̀ fún gáréèjì.

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ jíìpù olówó ńlá kò kan mẹ̀kúnnù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, ọ̀pọ̀ oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó sì mọ̀ pé jíìpù ń buyì kún ènìyàn. Ọkọ̀ tí olówó nìkan lè rà nígbà tí ó wà ní tuntun máa ń wálẹ̀ lówó bí ọdún ti ń gorí ọdún, títí ọwọ́ òṣìṣẹ́ yóò fi tó o. Ohun tí wọn kì í ránti sọ fún un ni pé iye owó ọkọ̀ ni ó wálẹ̀. Iye owó ẹ̀yà ara rẹ̀ kò bá a wálẹ̀. Ẹni tí ó fi gbogbo agbára rẹ̀ ra ọkọ̀ náà yóò wá máa tún un ṣe ní iye tí ẹni tí ó rà á ní tuntun ń san. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ó mọ àrùn rẹ̀ kí ó tó kó owó sílẹ̀.

3. Ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe ń fi hàn

3.1 Ọ́ìlì

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

(1) (a) Ọ́ìlì rẹ̀ ń dín kù.
(b) Ó ń jẹ ọ́ìlì.
(c) Ọ́ìlì rẹ̀ ń jò.
(d) Omi ń wọ inú ọ́ìlì rẹ̀.
(e) Ọ́ìlì rẹ̀ ti dì.

Bí a bá wo (1a) fínnífínní, a ó rí i pé kò sí olùṣe nínú rẹ̀, kò sì sí ọ̀nà tí nǹkan gbà lọ. Àbájáde nìkan ni ó sọ. Gbólóhùn tí ẹni tí ó ń ta ọkọ̀ fẹ́ràn jù nìyẹn, nítorí pé kò purọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ òótọ́. Àwọn mẹ́rin yòókù ni orúkọ àrùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní àyẹ̀wò tirẹ̀.

Ní (1b), inú ẹ́ńjìnnì ni ọ́ìlì ti ń jóná. Kò ní kán sílẹ̀. Èéfín ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Kí a jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ lójú kan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí a wá tẹ iná mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan, kí ẹlòmíràn dúró lẹ́yìn ọkọ̀. Bí èéfín tí ó jáde bá ní àwọ̀ àyìnrín, bí aṣọ tí a rẹ sínú aró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ́ńjìnnì náà ń jẹ ọ́ìlì. A mọ BMW X5 ti 2004 sí 2006 tí ó ní ẹ́ńjìnnì V8 lítà 4.4 mọ́ èyí: àwọn rọ́bà kékeré tí ó ń dí ọ́ìlì lọ́nà ní ìdí fáàfù máa ń gan bí wọ́n bá ti pẹ́, ọ́ìlì yóò sì máa yọ́ wọ ibi tí epo ti ń jó. Rọ́bà náà kò wọ́n. Iṣẹ́ tí a ó ṣe kí ọwọ́ tó tó o ni ó wọ́n.

Ní (1c), ọ́ìlì rí ọ̀nà jáde. Kí a wo abẹ́ ọkọ̀, kí a sì wo ilẹ̀ tí ó sùn lé mọ́jú. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ mọ́ tónítóní ní àárọ̀ tí olùrà ń bọ̀ yẹ kí ó kọ wá lóminú, nítorí pé ẹni tí ó fọ̀ ọ́ lè ti fọ ẹ̀rí dànù. Jíjò kan sì wà tí kì í fi àkókò sílẹ̀: lára àwọn Lexus RX 350 tí ó jáde ní nǹkan bí ọdún 2007, páìpù ọ́ìlì kan wà tí apá kan rẹ̀ jẹ́ rọ́bà. Bí rọ́bà náà bá bẹ́, ọ́ìlì lè dà tán kí awakọ̀ tó mọ̀. Èyí tí ó jẹ́ irin látòkè délẹ̀ ni wọ́n ń fi rọ́pò rẹ̀. Kí olùrà béèrè bóyá wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀.

Ní (1d), bí a bá ṣí ìdérí ibi tí a ń rọ ọ́ìlì sí, a ó rí nǹkan tí ó funfun bí ẹ̀kọ mímu. Omi àti ọ́ìlì ti dàpọ̀. Lóòótọ́, ìrì inú ẹ́ńjìnnì tí kì í rìn jìnnà lè fi díẹ̀ sí ìdérí náà. Ṣùgbọ́n bí ọ́ìlì orí irin ìwọnsọ̀ náà bá funfun, kí olùrà máa lọ sílé. Ní (1e), ọ́ìlì ti dì mọ́ inú ẹ́ńjìnnì bí epo pupa ṣe ń dì ní ìgbà ọyẹ́. Wọ́n mọ ẹ́ńjìnnì V6 lítà 3.0 ti Toyota, èyí tí ó wà nínú Lexus RX 300, mọ́ àìsàn yìí, títí tí ilé-iṣẹ́ náà fi fún àwọn onílé ọkọ̀ Amẹ́ríkà ní àfikún ìdánilójú àtúnṣe ní ọdún 2002 lórí àwọn ọkọ̀ tí ó jáde láàárín 1997 sí 2002.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìyàtọ̀ owó tí ó wà láàárín (b), (c), (d) àti (e) pọ̀ jọjọ. Èdè tí ó bá fi “dín kù” bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ran ẹlẹ́tàn lọ́wọ́.

3.2 Omi

Àwọn mẹkáníìkì ń sọ pé ẹ́ńjìnnì “ń gbóná”, pé ó “ń mu omi”, tàbí pé ó “ti jó tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì”. Ìpele mẹ́ta ni èyí jẹ́. Gbígbóná ni àmì. Mímu omi ni àrùn. Jíjó gásíkẹ́ẹ̀tì ni ohun tí àrùn náà ń yọrí sí bí a kò bá tètè wò ó. Nínú àwọn Porsche Cayenne àkọ́kọ́ tí ó ní ẹ́ńjìnnì V8, àwọn páìpù omi kan wà tí wọ́n fi ike ṣe, tí wọ́n sì gba àárín ẹ́ńjìnnì kọjá ní abẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ooru máa ń mú ike náà gan, yóò sì sán. Páìpù alumíníọ́ọ̀mù ni wọ́n fi rọ́pò wọn lẹ́yìn. Bí ọkọ̀ náà bá ti ní páìpù alumíníọ́ọ̀mù, ìbẹ̀rù kan ti kúrò.

Àyẹ̀wò tí ó kan gbogbo jíìpù ni pé kí a débẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí a sì gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni tó fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Bí ó bá ti gbóná, ẹnìkan ti jí ṣáájú wa. Ẹ́ńjìnnì tí ó tutù ni kì í lè fi àṣírí pamọ́. Mo rántí pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́ kí a tó dé.

3.3 Ìró

Níbi tí èdè Yorùbá ti lọ́rọ̀ jù nìyí, tí a kò sì tíì lò ó. Mẹkáníìkì àgbà kì í sọ pé ẹ́ńjìnnì “ń pariwo”. Yóò sọ irú ariwo tí ó ń pa. Ṣéènì tí ó ti dẹ̀ máa ń ró wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìgbà tí a bá mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá àkọ́kọ́ tí a tan ẹ́ńjìnnì tí ó tutù. Bíárìǹ tí ó ti jẹ máa ń dún kọ́, kọ́, kọ́, bí ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn, ìró náà yóò sì máa yára bí a ti ń tẹ iná. Ọ̀pá tí ó gba abẹ́ ọkọ̀ lọ sí ẹ̀yìn máa ń lù gbọ̀, gbọ̀, gbọ̀ ní abẹ́ àga nígbà tí ọkọ̀ ń gbéra. Èyí wọ́pọ̀ nínú Cayenne àkọ́kọ́, nítorí pé rọ́bà tí ó gbé àárín ọ̀pá náà dúró máa ń ya.

Ti ṣéènì ni kí a fi ara balẹ̀ gbọ́. Ẹ́ńjìnnì V8 lítà 5.0 tí Land Rover bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 2009 ní ohun tí ó ń fa ṣéènì le, tí ojú rẹ̀ sì máa ń jẹ. Bí ṣéènì bá dẹ̀ tán, ó lè fò, fáàfù àti písítìnì yóò sì kọ lu ara wọn. Nínú ẹ́ńjìnnì V6 tí Mercedes-Benz ń pè ní M272, èyí tí ó wà nínú ML 350, àwọn tí wọ́n ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ní eyín irin kan lára ọ̀pá ìdọ́gba tí ó máa ń jẹ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé; kí a tó pààrọ̀ rẹ̀, gbogbo ẹ́ńjìnnì ni yóò jáde.

Ìyàtọ̀ ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ pàápàá wà nínú èdè gáréèjì:

(2) (a) Ẹ́ńjìnnì náà ń nọ́ọ̀kì.
(b) Ẹ́ńjìnnì náà ti nọ́ọ̀kì.

Ẹni tí kò mọ gáréèjì yóò rò pé ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ó ń lọ lọ́wọ́ àti ohun tí ó ti parí ni. Kò tán síbẹ̀. (2a) jẹ́ ọ̀rọ̀ aláìsàn, (2b) jẹ́ ọ̀rọ̀ òkú. Ẹ́ńjìnnì tí ó ń nọ́ọ̀kì ṣì lè gbé wa dé ilé. Èyí tí ó ti nọ́ọ̀kì kò ní nǹkan mìíràn ju kí a ra òmíràn lọ. Gírámà wo ni ó ti kọ èyí sílẹ̀?

3.4 Jíjókòó

Ọ̀pọ̀ jíìpù olówó ńlá kì í dúró lórí sípíríǹgì irin. Orí àpò rọ́bà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ ni wọ́n dúró lé, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kan ni ó sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Range Rover ti 2002 sí 2012 rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn Lexus GX 470 lè rí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ Mercedes-Benz GL sì rí bẹ́ẹ̀. Rọ́bà náà máa ń sán bí ó bá pẹ́. Afẹ́fẹ́ yóò máa yọ́ jáde lóru, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yóò máa ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó láti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, títí òun náà yóò fi jó. Nígbà náà ni àwọn mẹkáníìkì máa ń sọ pé ọkọ̀ “ti jókòó”.

A kò rí ọ̀rọ̀ tí ó dára ju èyí lọ. Ó fi ibi tí àrùn wà hàn, ó sì fi bí a ṣe ń wò ó hàn. Kí a lọ wo ọkọ̀ náà ní òwúrọ̀ bóyá ó jókòó sí igun kan ju èkejì lọ. Kí a ní kí wọ́n gbé e sókè dé ibi tí ó lè ga dé, kí wọ́n tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí a sì ka iye àkókò tí ó gbà. Bí ó bá lọ́ra, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ti rẹ̀. Bí a bá rí i pé wọ́n ti yọ àpò afẹ́fẹ́, tí wọ́n fi sípíríǹgì irin sí i, kí a mọ̀ pé ó ti jókòó rí.

3.5 Jíà

Nǹkan mẹ́ta ni jíà tí ń pààrọ̀ ara rẹ̀ máa ń ṣe bí ara rẹ̀ kò bá dá. Ó lè já: ẹ́ńjìnnì yóò ké sókè, ọkọ̀ kò ní yára. Ó lè lọ́ra: a ó ti i sí ibi tí a fẹ́, yóò pẹ́ kí ó tó mú. Ó lè gbáni: yóò ta wá síwájú bí ẹni tí wọ́n tì lẹ́yìn. Kí a wa ọkọ̀ náà dé ibi tí ó ti gbóná dáadáa, kí a sì gun òkè pẹ̀lú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó yẹ kí àwọn ògbufọ̀ ṣọ́ra fún. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀ wọn pé ọ́ìlì jíà wà fún gbogbo ọjọ́ ayé. Ọjọ́ ayé ta ni? Ilé-iṣẹ́ ZF ti Jámánì, tí ó ń ṣe jíà fún BMW àti Land Rover, dámọ̀ràn pé kí a pààrọ̀ ọ́ìlì náà láàárín 80,000 sí 120,000 kìlómítà. Bí a bá túmọ̀ gbólóhùn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ sí “ọ́ìlì ayérayé”, a ti ran ọkọ̀ lọ sí sàréè rẹ̀. Kí olùrà béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn. Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé wọn kò pààrọ̀ rẹ̀ rí, kí ó yọ ọ́ nínú owó.

3.6 Pípa iná àti wíwo àrùn

Láti orí àwọn ọkọ̀ ti ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ojú kan tí a lè ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ̀, tí yóò sọ àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ti rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó ń ka àṣìṣe lè pa á rẹ́ pẹ̀lú. Àwọn kan máa ń sọ pé, “A ti yanjú iná yẹn.” Kí olùrà béèrè pé, “Ṣé ẹ wo àrùn rẹ̀ ni, àbí ẹ pa iná rẹ̀?” Ọ̀nà méjì ni a fi lè mọ̀. Èkíní: bí a bá yí kọ́kọ́rọ́ láì tíì tan ẹ́ńjìnnì, gbogbo iná ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ tàn, kí wọ́n tó kú. Iná tí kò bá tàn rárá, bóyá wọ́n ti dí i lójú. Èkejì: lẹ́yìn tí wọ́n bá pa àṣìṣe rẹ́, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ara rẹ̀ lákọ̀tun, ẹ̀rọ náà yóò sì sọ fún wa pé àwọn àyẹ̀wò kan kò tíì parí. Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, kí a béèrè ohun tí wọ́n pa rẹ́ ní àná.

4. Òkun wo ni ó ti bọ̀?

Orúkọ ènìyàn ni Tòkunbọ̀ kí ó tó di orúkọ ọjà. Ọmọ tí wọ́n bí sí ìdálẹ̀ tí ó wá padà sílé ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ìgboro ni ó fi í pe ọkọ̀, ó sì bá a mu. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà ti dùn tó, ó ń bo nǹkan kan mọ́lẹ̀: àwọn ọkọ̀ kan kò kàn la òkun kọjá, omi ti bò wọ́n mọ́lẹ̀ rí. Ìjì Katrina ti 2005, Sandy ti 2012 àti Harvey ti 2017 fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ sínú omi ní Amẹ́ríkà, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ a sì máa dé ọjà gbàǹjo. Jíìpù tí kọ̀ǹpútà pọ̀ nínú rẹ̀ kì í gbádùn lẹ́yìn irú ìwẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí a ká kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, kí a wá ẹrẹ̀ ní ìdí irin tí àga ń yọ́ lórí rẹ̀, kí a gbóòórùn bí ó bá ń bu, kí a sì wo inú iná iwájú bóyá ìrì wà níbẹ̀.

Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní nọ́ńbà ṣáásì, ní àmì 17 láti orí àwọn ọkọ̀ ti ọdún 1981. Kò sí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú rẹ̀. Bí a bá rí ọ̀kan, ayédèrú ni. Nínú àwọn tí a ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ni ó ń sọ ọdún: 9 ni 2009, A ni 2010. Nọ́ńbà tí ó wà ní abẹ́ gíláàsì iwájú, èyí tí ó wà lára òpó ilẹ̀kùn àti èyí tí ó wà nínú ìwé gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Pẹ̀lú nọ́ńbà yìí ni a fi lè wá ìtàn ọkọ̀ náà ní Amẹ́ríkà: bóyá omi bò ó, àti iye máìlì tí ó ti rìn. Ní tiwa níhìn-ín, ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé láti oṣù kìíní ọdún 2017. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé ọkọ̀ rẹ̀ ti Kùtọnú gba ọ̀nà wọlé lẹ́yìn ìgbà náà ní láti bi ara rẹ̀ léèrè irú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù tí ó lè wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń tà á.

5. Àwọn àtakò

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan yóò sọ pé èdè ìgboro ni èdè mẹkáníìkì, pé kò yẹ fún ìwé. Ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n léèrè: níbo ni a ti rí orúkọ àrùn ara ènìyàn? Jẹ̀díjẹ̀dí, fọ́rífọ́rí, gbọ̀fungbọ̀fun, rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀: ta ni ó ṣẹ̀dá wọn? Kì í ṣe ìgbìmọ̀. Àwọn tí ó ń wo àrùn ni. Ẹ sì wo ìhun wọn: ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó ṣáájú, ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe náà ń bà jẹ́ ni ó tẹ̀ lé e, àpètúnpè sì parí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ayọ́kẹ́lẹ́, tí ó jẹ́ ohun tí ń yọ́ lọ kẹ́lẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni alùpùpù, tí a fi ìró rẹ̀ sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni bọ́lẹ̀kájà, tí a fi ìjà èrò inú rẹ̀ sọ ọ́. Ìṣe ni Yorùbá fi ń sọ nǹkan lórúkọ. Àwa ọ̀mọ̀wé ni a yà kúrò lójú ọ̀nà.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé ẹni tí ó lè ra jíìpù lè ka Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n mi ka Gẹ̀ẹ́sì, èmi náà kà á. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni a fi ná ọjà náà, Yorùbá ni wọ́n fi tàn wá, Yorùbá ni bàbá mẹkáníìkì sì fi la ojú wa. Ní ti ẹ́ńjìnnì, gásíkẹ́ẹ̀tì àti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, a kò ní ìjà kankan pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àyálò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àkókò tí a ń lò láti wá orúkọ aláràmọ̀ǹdà fún kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ni a lè fi ṣe àkójọ ohun tí ó máa ń ṣe é.

6. Àbá

Àbá mẹ́ta ni a mú wá. Èkíní, kí ẹ̀ka ìmọ̀ èdè àti ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kọ̀ọ̀kan rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí gáréèjì pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, kí wọ́n gba ọ̀rọ̀-ìṣe àti ọ̀rọ̀ tí ń fara wé ìró sílẹ̀, kí onímọ̀ ẹ̀rọ sì sọ àrùn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí. Èkejì, kí a má ṣe gba ọ̀rọ̀ kankan wọ inú àkójọ náà bí kò bá ní àyẹ̀wò tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ bíi “dín kù” kò ní yege. “Jókòó” yóò yege. Ẹ̀kẹta, níbi tí a bá nílò ọ̀rọ̀-orúkọ, kí a tẹ̀ lé ìhun jẹ̀díjẹ̀dí. A lè pe àrùn ẹ́ńjìnnì tí ó ń mu omi ní mumimumi, kí a sì pe ti jíà tí ó ń já ní jájíà-jájíà. Níbi tí ìhun yìí bá wúwo lẹ́nu, bíi ti ọ́ìlì, kí a lo ìjẹ-ọ́ìlì àti ìjò-ọ́ìlì. Bí àwọn mẹkáníìkì bá fi èyíkéyìí nínú wọn rẹ́rìn-ín, kí a sọ ọ́ nù. Àwọn ni ọ̀rọ̀ náà wà fún.

7. Ìkádìí

Ohun tí a ti ń gbìyànjú láti fi hàn ni pé èdè-ìperí kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Nígbà tí bàbá mẹkáníìkì bi mí pé ibo ni ọ́ìlì ń dín kù lọ, ó bi mí ní ìbéèrè tí mo máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lórí ìwé: ta ni olùṣe, kí ni ó ṣe, ọ̀nà wo ni ó gbà? Òun kò lọ sí ilé-ìwé gíga, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí ìtumọ̀ wà nínú gbólóhùn. Lẹ́yìn ọdún méjì, ẹ̀gbọ́n mi tún fẹ́ ra ọkọ̀ mìíràn. Kò pè mí. Bàbá náà ni ó pè, wọ́n sì débẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Mo bẹ̀ wọ́n kí n tẹ̀ lé wọn. Ìwé àti bírò ni mo mú dání.